Bí A Ṣe Ń Fi Pákó Kan Àwòṣe Ọkọ̀ Ìgbòkun: Sultana, Láti Orí Ìwé Dé Orí Okùn

Àwòṣe ọkọ̀ ìgbòkun kan wà lórí tábìlì mi tó gùn bí apá àgbàlagbà, láti ìgúnpá dé orí ìka. Arère, màsóníà àti ọparun ni mo fi kàn án. Ọjà pákó Bódìjà n'Ìbàdàn ni mo ti ra púpọ̀ nínú igi rẹ̀. Ẹni tó bá rí i á kọ́kọ́ bi mí pé èló ni mo rà á. Tí mo bá ní èmi ni mo kàn án, wọ́n á ní ọwọ́ mi mọ́ iṣẹ́. Ọwọ́ mi kò yàtọ̀ sí tàwọn ẹlòmíràn. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń béèrè ni kí ènìyàn mọ bí a ṣe ń wọn nǹkan, kó sì gbà láti tún un wọ̀n nígbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ tó bá wọ́ lórí ìwé kò lè tọ́ lórí igi.

Ọkọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ni Sultana. Boston ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kan án ní 1767, níbi ìkanọkọ̀ Benjamin Hallowell. Ní 1768, àwọn ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì rà á, wọ́n wọ̀n ọ́n fínnífínní ní Deptford lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé. Wọ́n wá rán an padà sí etíkun Amẹ́ríkà, kó máa ṣọ́ àwọn tó ń kó tíì àti ọjà mìíràn wọlé láìsan owó ibodè. Ọdún 1772 ni iṣẹ́ rẹ̀ parí.

Ìdí tí mo fi yàn án pọ̀. Ó kéré: àjà rẹ̀, ìyẹn ilẹ̀ òkè tí àwọn atukọ̀ ń rìn lórí rẹ̀, gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 50 àti ínṣì 6, ó sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 16. Kò ní ìbọn ńlá rárá, àfi ìbọn kéékèèké 8 tó ń yí lórí òpó kúkúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, nítorí náà ẹ ò ní lo oṣù méjì lórí fífi ayùn gé ojú fèrèsé ìbọn. Òpó ìgbòkun rẹ̀ kò ju méjì lọ. Àwòrán tí wọ́n yà ní 1768 ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ojú omi tó wà ní Greenwich. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wọ́n kan ọkọ̀ gidi mìíràn tó jọ ọ́ ní Chestertown, ní ìpínlẹ̀ Maryland, wọ́n sì tì í sómi ní 2001. Fọ́tò rẹ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ máa wo fọ́tò yẹn tí ẹ bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe so okùn kan, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àwọn ohun tí òfin òde òní béèrè fún ààbò èrò wà lára rẹ̀ tí kò sí lára ọkọ̀ 1768.

Ìwé àwòrán

Àwọn ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì máa ń ya àwòrán ọkọ̀ wọn ní ìdámẹ́rin ínṣì fún ẹsẹ̀ bàtà kan, ìyẹn 1:48. Ohun tó jẹ́ ínṣì 48 lára ọkọ̀ gidi yóò jẹ́ ínṣì 1 lára tiyín. Ẹsẹ̀ bàtà 1 di 6.35 mílímítà. Àjà Sultana di bíi 321 mílímítà, fífẹ̀ rẹ̀ sì di nǹkan bíi 102. Ẹ kan tiyín ní 1:48 yìí gan-an, kí ẹ lè lo àwòrán náà bó ṣe wà.

Ìlà òṣùwọ̀n kan máa ń wà nísàlẹ̀ ìwé, tí wọ́n pín sí ẹsẹ̀ bàtà. Kí ẹ tó sanwó fún ẹni tó bá yín tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ gbé rúlà lé e. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àkọ́kọ́ tí mo lò dín àwòrán mi kù kó lè gba inú bébà. Mo gé gbogbo ìhà ọkọ̀, ìyẹn àwọn igi inú tí a ń lẹ pákó ara rẹ̀ mọ́, tán kí n tó rí i pé ohun tó yẹ kó jẹ́ 321 ti di 311. Gbogbo wọn ni mo kó dànù, torí pé òpó àti púlì tí mo ti ṣe sílẹ̀ ní òṣùwọ̀n tòótọ́ kò lè bá ọkọ̀ náà mu mọ́.

Àwòrán mẹ́ta ló wà lórí ìwé, ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń fi hàn. Èkíní fi í hàn láti ẹ̀gbẹ́. Èkejì fi í hàn bí ẹni pé a dúró lókè tá a ń wò ó, ìdajì rẹ̀ nìkan ni wọ́n sì máa ń yà, nítorí pé ọ̀tún àti òsì bára mu. Ẹ̀kẹta ló máa ń rú ẹni tó kọ́kọ́ rí i lójú: ìlà wíwọ́ rẹpẹtẹ tó kó sínú ara wọn bí abọ́ tí a tò sínú abọ́. Ẹ fojú inú wo oníyán tó ń gé iṣu kí ó tó dà á sínú ìkòkò. Ó ń gé e lábala lábala láti orí dé ìdí. Abala àárín tóbi, tìdí kéré, kò sì sí méjì tó rí bákan náà. Ohun tí àwòrán kẹta ṣe fún ọkọ̀ nìyẹn. Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ojú ibi tí a gé. Ìdajì ọ̀tún àwòrán jẹ́ àwọn abala iwájú ọkọ̀, ìdajì òsì jẹ́ tìdí.

Nínú àwòrán kẹta yìí ni ẹ ó ti rí ìhà ọkọ̀ yín. Ẹ ká bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí méjì, ẹ fi ojú kíká rẹ̀ sórí ìlà àárín gẹ́lẹ́, kí ẹ wá da ìlà abala kan kọ. Tí ẹ bá fi ọ̀bẹ gé e ní kíká bẹ́ẹ̀, ọ̀tún àti òsì á dọ́gba láìsí ìjiyàn. Ṣùgbọ́n ìlà tó wà lórí ìwé, òde pákó ló ń fi hàn, ìhà sì wà lábẹ́ pákó. Pákó tí a ó fi bo ara ọkọ̀ nípọn ní 1.5 mílímítà, nítorí náà ẹ tún ìlà mìíràn fà sínú tàkọ́kọ́ ní 1.5, òun ni kí ẹ gé. Lókè, ẹ yọ bí àjà ṣe nípọn tó kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kó ga díẹ̀ láàárín ju ẹ̀gbẹ́ lọ, nítorí àjà ọkọ̀ kì í tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí omi bá dà sórí rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ṣàn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìhà 12 sí 14 ti tó, kí àlàfo àárín wọn má ju 25 mílímítà lọ. Níwájú, níbi tí ara ọkọ̀ ti ń yípo kíákíá, ẹ jẹ́ kí wọ́n súnmọ́ra jù bẹ́ẹ̀.

Igi

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ pé igi tí àwọn tó ń kan àwòṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń rà ní ṣọ́ọ̀bù lórúkọ obeche, arère wa ni. Níbí, pákó arère kan tó yín kan odindi ara ọkọ̀, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ó fúyẹ́, ó rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, ó sì rọrùn láti tẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Tí ẹ bá rí ihò bí ojú abẹ́rẹ́ lára pákó, tàbí tí ìyẹ̀fun ń jáde lára rẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbá a, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Bákan náà ni èyí tó ní àwọ̀ búlúù ṣíṣókùnkùn: ó ti pẹ́ ní tútù lẹ́yìn tí wọ́n là á.

Màsóníà ni mo lò fún kíìlì (igi gígùn tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ láti iwájú dé ìdí), etí ọkọ̀ àti àwọn ohun orí àjà. Àwọ̀ rẹ̀ bíi ṣokoléètì mú kí ìlà ọkọ̀ hàn dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ arère. Ṣùgbọ́n eruku màsóníà burú fún imú àti awọ ara. Ó máa ń fa sísín, ó sì lè mú kí imú ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ bo imú àti ẹnu, kí ẹ sì máa yọ́ ọ níta. Ìrókò àti òpèpè dára fún ilẹ̀kùn, kì í ṣe fún iṣẹ́ yìí. Ihò kéékèèké inú ìrókò hàn sí ojú lásán, àti pé ní 1:48, ihò tí kò tó ìdámẹ́ta mílímítà dà bí ibi tí atukọ̀ lè ti ìka bọ̀.

Ẹ ní kí wọ́n bá yín là á ní sọ́míìlì tàbí lọ́dọ̀ káfíńtà tó ní ẹ̀rọ sí pákó pẹlẹbẹ tó nípọn ní 1.5 mílímítà. Ẹ ó wá fi ọ̀bẹ mímú àti rúlà irin rẹ́ ẹ sí tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ̀ ní 4. Lẹ́yìn náà, kí igi náà wà nínú yàrá tí ẹ ó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán. Igi tí a kàn nígbà òjò láìjẹ́ kó gbẹ, ọyẹ́ ni yóò là á.

Fún egungun ẹ̀yìn (igi àárín tí a ó kọ́ ìhà mọ́) àti ìhà, pílàíwúùdù tó nípọn ní 4 sí 5 mílímítà ni kí ẹ lò. Irinṣẹ́ yòókù kò ju ohun tó ṣe é rí lọ: ayùn kékeré olójú tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀bẹ tó ṣe é pààrọ̀ ojú, ìfági kékeré, fáìlì, sáńpépà, díríìlì àfọwọ́yí àti ojú rẹ̀ láti 0.5 sí 2 mílímítà, píìnì, àti pẹ́ẹ̀gì ìsáṣọ tó pọ̀. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ni kí ẹ lò. Súpágúlù wúlò láti di nǹkan mú fúngbà díẹ̀, àmọ́ ibi tó bá kán sí kì í gba àwọ̀ mọ́.

Egungun ọkọ̀

Egungun ẹ̀yìn ni pílàíwúùdù tó gùn láti iwájú dé ìdí, tí a gé bí ọkọ̀ ṣe rí láti ẹ̀gbẹ́. A gé ihò sí i níbi tí ìhà kọ̀ọ̀kan yóò wà, títí dé ìdajì, a sì gé ìdajì yòókù sára ìhà, kí wọ́n lè kọ́ ara wọn. Ihò náà kò gbọdọ̀ le débi tí ẹ ó fi máa fi òòlù gbá ìhà wọlé. Èyí tí a bá fi agbára tì, òun ló ń tẹ egungun ẹ̀yìn.

Kí ẹ tó lẹ ìhà kankan, ẹ lẹ kíìlì, igi iwájú àti igi ìdí tí ẹ fi màsóníà ṣe mọ́ etí egungun ẹ̀yìn. Ẹ wá gbẹ́ ojú ìlà kan sí ibi tí wọ́n ti pàdé, kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tí etí pákó yóò wọ̀ sí. Ẹlòmíràn máa ń fo èyí, á ní òun á fi ìyẹ̀fun igi dí àlàfo nígbẹ̀yìn. Ojú kì í tán níbẹ̀.

Ẹ wá pákó nínípọn tó tẹ́ dáadáa, ẹ fa ìlà kan sí àárín rẹ̀, kí ẹ sì fi igi méjì gbá egungun ẹ̀yìn dúró ṣánṣán lórí ìlà yẹn. Gbogbo ìyókù iṣẹ́ ara ọkọ̀, orí rẹ̀ ni yóò ti wáyé. Ẹ máa fi ìhà kọ̀ọ̀kan sí i lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, láti àárín lọ sí iwájú àti ìdí, kí ẹ sì máa fi irin onígun tí káfíńtà fi ń wọn igun wò ó bóyá ó dúró déédéé sí ẹ̀yìn. Níwájú pátápátá àti nídìí, ẹ fi búlọ́ọ̀kù arère dí àlàfo àárín ìhà, torí pé ibẹ̀ ni pákó ti ń yí jù, ó sì fẹ́ ibi tó gbòòrò tí yóò lẹ̀ mọ́.

Kí ẹ tó bo inú, ẹ kọ orúkọ yín, ọdún àti òṣùwọ̀n sára ìhà àárín. Mo fẹ́ràn kí ẹni tó bá tú u ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i mọ ẹni tó kàn án.

Fífá ìhà kí ìlà lè ṣàn

Níbí ni ọkọ̀ ti ń di ọkọ̀, ibẹ̀ náà ni ìkánjú sì ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Etí ìhà tí a gé dúró pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n pákó yóò gbà á ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Bí ó bá kan etí kan ṣoṣo, ojú kan bí ojú ọ̀bẹ ló gbé e, kò ní lẹ̀. A ní láti fi fáìlì àti sáńpépà fá etí ìhà títí pákó yóò fi jókòó sórí gbogbo fífẹ̀ rẹ̀.

Ẹ lẹ sáńpépà mọ́ igi pẹlẹbẹ tó gùn tó ìhà mẹ́ta, kí ẹ máa yọ́ ìhà mẹ́ta papọ̀, má ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó rọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ lé gbogbo ìhà láti iwájú dé ìdí, ẹ fi ojú kan wò ó lọ láti ẹ̀gbẹ́. Níbi tí ó ti fò kúrò lára ìhà, ìhà yẹn kéré jù: ẹ lẹ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ lé e, kí ẹ tún un fá. Níbi tí ó ti yọ gegele, ìhà yẹn ga jù. Ẹ gbé ọ̀pá náà sísàlẹ̀, kí ẹ tún wò, ẹ gbé e sókè, kí ẹ tún wò. Iná tí ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ lálẹ́ máa ń fi gegele hàn ju oòrùn lọ, torí òjìji rẹ̀ gùn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo lò nídìí èyí lára ọkọ̀ mi, mi ò sì kábàámọ̀ ìṣẹ́jú kan. Ìka yóò mọ̀ kí ojú tó mọ̀: ẹ pa ojú dé, kí ẹ fi ìka méjì rìn lórí ìhà láti iwájú lọ sídìí.

Bíbo ara ọkọ̀

Ẹni tó bá ń lẹ pákó láìṣe ìṣirò yóò dé ìsàlẹ̀, yóò wá rí i pé àlàfo níwájú kò gba pákó mọ́. Ẹ fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ wọn yíyípo ìhà kọ̀ọ̀kan, láti etí òkè dé ojú ìlà kíìlì. Ká ní ìhà àárín fún yín ní 92 mílímítà. Tí pákó bá fẹ̀ ní 4, pákó 23 ni. Ká ní ibi tí ọkọ̀ pàdé igi iwájú fún yín ní 64. Ẹ pín 64 sí 23: ó kù díẹ̀ kó pé 2.8. Nítorí náà pákó kọ̀ọ̀kan yóò fẹ̀ ní 4 láàárín, a ó sì fá a tẹ́ẹ́rẹ́ títí dé 2.8 níwájú. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ìhà, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí etí ìhà níbi tí pákó kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Bí ìṣirò bá ní kí pákó kéré ju ìdajì fífẹ̀ rẹ̀ lọ, ẹ dín iye pákó kù níbẹ̀, kí méjì di ẹyọ kan. Nídìí, òdìkejì rẹ̀ ló máa ń ṣẹlẹ̀: àlàfo máa ń fẹ̀, a ó sì fi pákó kúkúrú onígun ṣóńṣó há sáàárín.

Pákó àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi sí ìbámu pẹ̀lú ìlà àjà, kó tẹ̀ bí àjà ṣe tẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lẹ èkejì sí òdìkejì ọkọ̀. Ẹ má ṣe kan ọ̀tún tán kí ẹ tó kan òsì. Ohun tí mo ṣe sí ọkọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Inú mi dùn bí ọ̀tún ṣe ń dán, mo sì bò ó tán láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí gọ́ọ̀mù gbẹ tán, ó fà. Mo fa òwú láti iwájú dé ìdí, mo rí i pé kíìlì ti tẹ̀ sọ́tùn-ún ní mílímítà mẹ́rin. Mo ri í sómi gbígbóná, mo dì í mọ́ pákó, kò gbọ́. Láti ìgbà náà, pákó kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n á máa fa ara wọn dọ́gba.

Níwájú, ẹ rẹ pákó sínú omi gbígbóná fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ yípo kọ́ọ̀pù tó gbóná tàbí lórí áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ tí a dì mú, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ lórí ọkọ̀ láìní gọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ kejì ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ ní tútù, yóò sún kì bó bá gbẹ, àlàfo á ṣí sílẹ̀. Píìnì ni kí ẹ fi dì í mú, kí ẹ yọ ọ́ lẹ́yìn.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti bò, ẹ fi ìfági fá gegele, kí ẹ tẹ̀lé e pẹ̀lú sáńpépà láti èyí tó gbúngbún dé èyí tó fẹ́lẹ́. Ẹ fi fáníìṣì tó ṣàn pa inú náà bí ọwọ́ bá ń wọlé, kí ọyẹ́ àti òjò má lè ṣeré nínú rẹ̀.

Ìṣó igi jẹ́ àṣàyàn, mo sì gbà yín níyànjú kí ẹ ṣe é ní ibì kan ó kéré tán. Igi tí wọ́n fi ń gún ṣùyà, tí a ra ní tuntun, ọparun ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹ là á sí wẹ́wẹ́. Ẹ wá irin pẹlẹbẹ kan, ẹ fi díríìlì lu ihò láti 1 mílímítà sọ̀kalẹ̀ dé 0.6, kí ẹ máa fa ọparun gba inú rẹ̀, ihò ńlá kọ́kọ́. Ní òṣùwọ̀n yìí, 0.6 dúró fún ìṣó tó fẹ̀ ní nǹkan bí ínṣì 1 àti díẹ̀. Lu ihò sí pákó, ti ọparun bọ̀ ọ́ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, gé e, yọ́ ọ dọ́gba.

Bí ẹ bá fẹ́ kun ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ẹ má fi bàbà bò ó. Ó ń dán, ọ̀pọ̀ ló sì ń ṣe é, ṣùgbọ́n kò tọ́ fún ọkọ̀ yìí. Ọdún 1761 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ dán bàbà wò lára ọkọ̀ kan, ó sì di nǹkan bí 1779 kí wọ́n tó máa fi bo gbogbo ọkọ̀ ogun wọn. Ohun tí wọ́n ń kùn sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ bíi Sultana ni epo ẹja tí wọ́n pò mọ́ oje igi àti imí-ọjọ́. Funfun tó ti rẹ̀, tó fẹ́ jọ àwọ̀ ẹyin, ni àwọ̀ rẹ̀.

Àjà àti ohun orí rẹ̀

Àjà rọrùn. Pákó arère tó fẹ̀ ní 4 mílímítà, tí ẹ ti fi pẹ́ńsùlù fa etí kan dúdú kí ẹ tó tò ó. Dúdú yẹn ni yóò dúró fún ọ̀dà tí wọ́n fi ń dí àlàfo. Ẹ̀rọ ìfàdákọ̀ró, ojú ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀, àtẹ̀gùn, ibi ìdáná: ẹ ṣe wọn lọ́tọ̀ lórí tábìlì bí àpótí kéékèèké, ẹ lẹ̀ wọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá ti kun àjà tán. Àṣìṣe kan ṣoṣo tó wọ́pọ̀ níbí ni pé nǹkan máa ń tóbi jù. Ẹ gé páálí ènìyàn kan tó ga ní 35 mílímítà, ẹ gbé e dúró lórí àjà. Tí àtẹ̀gùn bá ga dé orókún rẹ̀ fún ìṣísẹ̀ kan, ẹ tún un ṣe.

Òpó

Igi òpó, ẹ là á, ẹ má fi ayùn rẹ́ ẹ. Tí ayùn bá gé ọ̀nà inú igi kọjá, òpó tẹ́ẹ́rẹ́ yóò tẹ̀ lọ́jọ́ tí okùn bá fà á. Igi tí a là máa ń tẹ̀lé ọ̀nà ara rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fá a sí igun mẹ́rin dídọ́gba, kí ẹ sì fá a kó máa tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sókè ní igun mẹ́rin bẹ́ẹ̀, bí ìwé ṣe sọ. Ẹ wá pín ojú kọ̀ọ̀kan sí 7, 10, 7: ẹ fa ìlà méjì, kí àárín jẹ́ 10 nínú 24, kí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 7. Tí ẹ bá fá igun dànù dé àwọn ìlà yẹn, òpó á di igun mẹ́jọ tó dọ́gba. Ẹ tún fá igun mẹ́jọ yẹn di mẹ́rìndínlógún, sáńpépà á ṣe ìyókù. Òpó tó bá fẹ̀ ní ínṣì 12 lára ọkọ̀ gidi yóò fẹ̀ ní 6.35 níhìn-ín. Òpó méjèèjì sì rọ sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ gé páálí onígun láti ara ìwé, kí ẹ fi ti òpó nígbà tí gọ́ọ̀mù bá ń gbẹ.

Okùn

Oríṣi okùn méjì ló wà. Okùn adúró ló di òpó mú, kì í kúrò níbi tó wà, wọ́n sì máa ń fi ọ̀dà pa á, nítorí náà ó dúdú tàbí kí ó pọ́n bíi kọfí. Okùn arìn ni àwọn atukọ̀ fi ń fa ìgbòkun, àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti koríko gbígbẹ. Adúró ló ń ṣíwájú. Tí ẹ bá pààrọ̀ wọn, ọwọ́ yín ò ní í wọ ibi tó yẹ mọ́.

Ìwé àtijọ́ máa ń sọ bí okùn ṣe yípo tó, kì í ṣe bí ó ṣe fẹ̀. Ẹ pín in sí 3.14, kí ẹ tún pín in sí 48. Okùn tó yípo ní ínṣì 4 jẹ́ bíi ínṣì 1.27 ní fífẹ̀, ìyẹn 32 mílímítà, tó di 0.67 lára àwòṣe. Ẹni tó bá lo òwú kan náà fún gbogbo rẹ̀ ti ba ọkọ̀ tó tọ́ jẹ́. Ẹ ra òwú tó tó oríṣi mẹ́rin ní nínípọn, kí ẹ sì fà á kọjá lára ìda oyin kí irun rẹ̀ lè dì mọ́ ọn.

Okùn ẹ̀gbẹ́ tó di òpó mú máa ń wà ní méjì-méjì: okùn kan á lọ yípo orí òpó, á sì padà sọ̀kalẹ̀. Ti ọ̀tún ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi sí i, kí ti òsì tó tẹ̀lé e. Nísàlẹ̀, okùn kọ̀ọ̀kan parí sí igi olójú mẹ́ta, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà lára ọkọ̀. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń lọ bọ̀ nínú ojú mẹ́fà náà láti fà wọ́n le. Láti jẹ́ kí gbogbo wọn wà ní ìpele kan, ẹ tẹ wáyà sí méjì bí lẹ́tà U, ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà síra bí àlàfo tí ẹ fẹ́, ẹ ti ẹsẹ̀ kan bọ ojú igi ìsàlẹ̀, èkejì bọ ti òkè, kí ẹ wá so okùn náà. Wáyà kan náà fún gbogbo wọn.

Àtẹ̀gùn okùn tí àwọn atukọ̀ ń gùn wà ní ínṣì 13 sí ara wọn, tó di 7 mílímítà níhìn-ín. Ẹ fa ìlà sórí bébà ní 7, 7, ẹ gbé bébà náà sẹ́yìn okùn, ẹ máa so tẹ̀lé ìlà. Ẹ má fà á le. Tí ẹ bá fà á, okùn ẹ̀gbẹ́ á sún mọ́ra láàárín bí ìbàdí, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á sì rí i láti ẹnu ọ̀nà.

Ìgbòkun ńkọ́? Mo fi tèmi sílẹ̀ láìní ìgbòkun, kí okùn lè hàn. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, aṣọ òwú tó fẹ́lẹ́ jù lọ tí ẹ bá rí ni kí ẹ lò, kí ẹ sì ká a mọ́ igi rẹ̀. Ti àsíá, ẹ ṣọ́ra: àsíá Gẹ̀ẹ́sì tó wà níta lónìí ní àgbélébùú pupa tó rí bíi lẹ́tà X tí wọ́n fi kún un ní 1801 nítorí Ireland. Ti 1768 kò ní in.

Àpótí gíláàsì

Eruku àti ikán ni ọ̀tá ọkọ̀ náà nísinsìnyí. Igi tó yọ síwájú ọkọ̀ àti èyí tó yọ sẹ́yìn mú kí gbogbo gígùn rẹ̀ ju ti àjà lọ dáadáa, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí okùn bá ti parí, má fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí i ní ìhà gbogbo. Gíláàsì tó nípọn ní 4 mílímítà ti tó. Kí ihò kékeré méjì wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn tí atẹ́gùn á máa gbà, kí ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò wọ́n kí kòkòrò má gba ibẹ̀ wọlé, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń gbà wọlé.